Bàbá Mi Tó Ń Gé Fíìmù

Mo ṣì kéré, eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ padà ni, nígbà tí èmi, àbúrò mi obìnrin àtàwọn òbí wa ń gbé yàrá kan ṣoṣo ní Peckham nílùú òyìnbó. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ilé níbẹ̀ lónìí, ẹ ò lè mọ bí omi ṣe máa ń ṣàn lára ògiri wa nígbà òtútù.

Sitúdíò kan tí wọ́n ti ń ṣe fíìmù ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá mi á fi àlùmọ́gàjí gé fíìmù, wọ́n á yọ èyí tí kò wúlò, wọ́n á lẹ ìyókù pọ̀ títí á fi di ìtàn. Orúkọ ọ̀gá wọn ló máa ń jáde lójú sinimá, kì í ṣe tiwọn. Bí màmá mi bá ráhùn, bàbá mi á ní, "Fi sílẹ̀, jàre. Iṣẹ́ ni mo wá kọ́."

Nígbà òtútù kan, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró kọlu àbúrò mi. Màmá mi sáré lọ pe sitúdíò lórí tẹlifóònù ìta. Ẹni tó gbé e ní àwọn kì í pe òṣìṣẹ́ jáde. Kí bàbá mi tó dé ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ ti dákẹ́.

Màmá mi ní, "Ó pè yín títí."

Bàbá mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kóòtù ṣì wà lọ́rùn wọn.

A sin ín tán, bàbá mi padà síbi iṣẹ́. Nínú fíìmù tó wà nílẹ̀, obìnrin kan pàdánù ọmọ rẹ̀. Bàbá mi fi ẹkún obìnrin náà sílẹ̀ bó ṣe rí. Ọ̀gá wò ó, ó ní ó ti gùn jù, yóò sú àwọn èèyàn, kí wọ́n gé e. Ìṣojú mi ni bàbá mi ti sọ èsì tí wọ́n fún ọ̀gá fún màmá mi: "Mo ní, 'Sà, bó ṣe máa ń pẹ́ tó nìyẹn.' Ó ní kí n máa lọ sílé."

Kò sí sitúdíò mìíràn tó gbà wọ́n, torí kò sí fíìmù kankan tí orúkọ wọn wà nínú rẹ̀. Inú ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ń gbá títí ara fi kọ̀. Nígbà tí fíìmù náà dé sinimá àdúgbò wa, màmá mi nìkan ló lọ wò ó. Wọ́n padà délé, wọ́n tú gèlè, wọ́n ní, "Wọ́n ti gé e."

Ayé ti yí báyìí. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Walworth làwọn ọmọ-ọmọ mi ti ń fi fóònù ya ara wọn, wọ́n á ti gé e, wọ́n á ti tò ó kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn bi mí láìpẹ́ yìí pé, "Grandpa, ẹ ní video sister yín yẹn?"

Mo ní rárá. Ọmọ olọ́mọ ni bàbá mi ń to àwòrán wọn ní gbogbo ọdún yẹn, kò sẹ́ni tó ya ọmọ tiwọn. Èmi nìkan ló kù tó mọ bí àbúrò mi ṣe máa ń rìn, ó sì ti ń pa rẹ́ lójú mi.