Ojú Tí A Fi Ṣọ́ Ilẹ̀kùn Ẹ̀gbẹ́

Bàbá rẹ, àbíkẹ́yìn mi, ló rán àwọn tó ń de kámẹ́rà wá sí ilé yìí láti Ìbàdàn. Kọ ọ́ bí mo ṣe ń wí i, má tún un ṣe fún mi. Wọ́n gun àkàbà, wọ́n lu ògiri, wọ́n fa wáyà gba abẹ́ páànù. Wọ́n gbé ọ̀kan kọ́ sókè géètì, wọ́n gbé òmíràn kọ́ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí mo máa ń sá èlùbọ́ sí. Nǹkan kékeré báyìí ni. Ojú rẹ̀ dúdú, ó ń dán bí ojú ẹyẹ, kì í sì í ṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, bàbá rẹ pè mí lórí fóònù.

"Màámi, ẹ gbójú sókè díẹ̀. Mò ń rí yín."

"Níbo lo wà?"

"Èkó ni mo wà."

"Kí ni mo wọ̀?"

"Ẹ ró ìró aláró, ẹ sì wọ bùbá yín sódì."

Mo wo ara mi, òótọ́ ni. Àwọn ọmọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn nígbà yẹn, n ò ní purọ́.

Àfi ìgbà tí ọ̀kan nínú wọn fa pátákó kan yọ látinú àpò. Wọ́n ya ojú gbàǹgbà kan sí i, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sábẹ́ rẹ̀. Mo ní kí ni wọ́n kọ. Ó ní, "Màmá, wọ́n ní kí olè ṣọ́ra, pé ojú ń wò ó." Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ló fẹ́ kàn án mọ́, nítorí ó ní ibẹ̀ ni olè lè tètè gbà wọlé. Ó ti fi ìṣó sí ẹnu, ó ti gbé òòlù sókè.

Mo ní kó má kàn án.

Ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. "Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ kí olè wá kí yín ni?"

Mo tún ní kó má kàn án. Mo sì jókòó sílẹ̀ níbi tí mo wà. Ìwọ lo wá bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo ní kí o mú bírò wá fún.

Yàrá tí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ yẹn wọ̀, yàrá àkọ́bí mi ni. O ò mọ̀ ọ́n. Orí ẹ̀yìn mi ni bàbá rẹ wà nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Bàbá rẹ àgbà ló dá ògiri lu, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ la ilẹ̀kùn náà fún un nígbà tí ohùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí padà. Ó ní ọkùnrin ti ń tó ọkùnrin, kó ní ibi tí yóò máa gbà wọlé tí kò ní máa gba àárín àwọn obìnrin kọjá. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn. Nígbà tó wà ní kékeré tó ń tẹ̀ lé e lọ sóko, ọkọ́ gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ jábọ́. Bàbá rẹ àgbà pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí obìnrin, ó sì sáré láti oko dé Ìwéré-Ilé níbí, ẹ̀jẹ̀ kún gbogbo ṣòkòtò rẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi náírà rọ́pò pọ́n-ùn ni iṣu ẹ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í dín nínú àká wa ní abà. Ẹ̀bù, ohun tí èèyàn yóò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Ọmọ mi ló ń sùn lábà jù lọ. Bàbá rẹ̀ pè é níwájú àwọn alágbàṣe, ó ní ta ló ń kó iṣu òun. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàámi, n ò mú un." Bàbá rẹ̀ wò ó títí, ó wá ní, "Olè ilé ò ṣeé ṣọ́."

Ọmọ mi dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ àyà rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ó ti wọ ọkọ̀ lọ sí Ṣakí, láti ibẹ̀ ló sì ti gba ilẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé lọ sí Àbíjàn.

Òjò kan ò tíì rọ̀ tán lórí ọ̀rọ̀ náà tí wọ́n fi mú ọ̀kan nínú àwọn alágbàṣe wa, tòun ti iṣu lọ́wọ́. Bàbá rẹ àgbà ò jẹun lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ pé ó ń lọ sí ọ̀nà Àbíjàn, yóò lọ bá a nílé rẹ̀. "Ẹ bá mi sọ fún un pé kó máa bọ̀. Ẹ ní a ti rí ẹni tó ń kó o." Bóyá iṣẹ́ náà dé etí rẹ̀, bóyá kò dé e, a ò mọ̀.

Kí n wá sọ bí a ṣe ń ṣọ́ ilé nígbà náà. Bí àkókò iṣẹ́ bá dé, gbogbo ìlú á kó lọ sí abà, àfi arúgbó àti aláìsàn. Ilé á dá páropáro. Àwọn olè mọ̀. Nítorí náà, kí a tó lọ, baálé kọ̀ọ̀kan á so ààlè mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀: ṣùkù àgbàdo, ìkarahun ìgbín, àkísà pupa, àti awẹ́ bàtà tó ti gbó. Bàbá rẹ àgbà kì í pa ìrun jẹ, síbẹ̀ ó máa ń so tirẹ̀. Ó ní Ọlọ́run ló ń ṣọ́ ilé, ààlè ń bá a jíṣẹ́ fún olè ni. Ilẹ̀kùn mẹ́ta la ní, ó sì máa ń so ó mọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Yàrá ọmọ mi la wá ń kó ẹ̀wà àti òwú sí lẹ́yìn tó lọ, ìyẹn ni kò ṣe fo ilẹ̀kùn ibẹ̀.

Èmi ní tèmi, mo máa ń fi ajọ̀ ku eérú sí iwájú ilẹ̀kùn, kó fẹ́lẹ́, kó tẹ́jú bí aṣọ tí wọ́n lọ̀. Bí a bá dé, a ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ ewúrẹ́ nìyí, ẹsẹ̀ adìẹ nìyí, ẹsẹ̀ èèyàn wá nìyí. Mo ti bá obìnrin ilé kejì jà rí lórí rẹ̀.

"Ẹ wá yọ igi ìdáná mi lẹ́yìn mi, àbí?"

"Ta ló wí fún ọ?"

"Eérú ló wí i."

Ó ní, "Ilé yín mà le o. Bí ẹ ò tilẹ̀ sí nílé, ẹ ṣì ń wo èèyàn."

Àwa la kọ́kọ́ ní kámẹ́rà, bí o bá fẹ́ mọ̀.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, àwọn ológun ò tíì gbé ìjọba fún alágbádá. Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, iṣẹ́ sì dá wa dúró lábà ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí a wá dé, mo ru agbọ̀n iṣu, bàbá rẹ àgbà ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn. Òun ló kọ́kọ́ rí i, níwájú ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́.

Bàtà ló kọ́kọ́ tẹ eérú náà, bàtà tuntun tó ní ilà-ilà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ lásán. Ẹni náà dúró, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì tún sún mọ́ ilẹ̀kùn.

Bàbá rẹ àgbà rẹ́rìn-ín. "Olè wo ló ń bọ́ bàtà kó tó wọlé? Olè ọmọlúàbí nìyí."

Mo sọ agbọ̀n kalẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún pé. Ẹsẹ̀ òsì, ìka mẹ́rin ni.

Mo ní, "Ẹ wá wo ẹsẹ̀ yìí."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rín náà ṣì wà lójú rẹ̀, kò rí ibi gbé e sí. Ẹsẹ̀ méjèèjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n kọjú sí ilẹ̀kùn, gìgísẹ̀ wọn sì rì dáadáa. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí padà, tí wọ́n gba ọ̀nà ìta lọ. Kò tún bàtà wọ̀. Ààlè wà níbi tí a so ó sí, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án.

Bàbá Aránṣọ ló ń gbé ọ̀kánkán wa. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ẹ̀rọ ìránṣọ ló fi ń dá ara rẹ̀ lára yá. A sáré lọ bá a.

"Ẹ kú ilé o, Bàbá. Ta ló wá sílé wa?"

"Ẹ kú àbọ̀ o. Àlejò kan ni lánàá, onírùngbọ̀n, ó gbé àpótí. Mo rò pé aláṣọ ni."

"Kí ló wí?"

"Ó bi mí pé ta ló so ààlè mọ́ ilẹ̀kùn yẹn. Mo ní baálé ilé ni, ta ni ì bá tún so ó? Ó ní, ṣé ó ti pẹ́ tó ti ń so ó. Mo ní ọ̀rẹ́, láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ olè ti wọ ilé náà ni." Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń pa á lẹ́rìn-ín. "Mo wá fi í ṣẹ̀fẹ̀, mo ní bí kì í bá ṣe pé òun náà ń wá nǹkan mú, kí ló kan òun nínú ààlè? Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Ọmọ àlè ló ń rí ààlè tí kì í yà, Bàbá.' Mo ní o gbọ́n. Ó bá gbé àpótí rẹ̀."

"Ọ̀nà ibo ló gbà?"

"Ọ̀nà Ṣakí. Kí ló dé? Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

Bàbá rẹ àgbà ní, "Àkọ́bí mi ni."

Bàbá Aránṣọ gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ. Kò tún ránṣọ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Bàbá rẹ àgbà ò bu omi mu tó fi gun kẹ̀kẹ́ padà sójú ọ̀nà. Ó wọ ọkọ̀ dé Ṣakí, ó bi gbogbo àwọn tó wà ní ibùdókọ̀ léèrè. Wọ́n ní ọkọ̀ tó ń lọ sí ẹnu ibodè ti lọ láti àárọ̀. Ọjọ́ kejì ló tó dé. Ó tú ààlè náà pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, ó kó o sórí itan, ó sì jókòó síwájú ilẹ̀kùn tó là fún ọmọ rẹ̀.

"Olè la so ó fún," ló ń wí. "Olè la so ó fún."

Mo ní, "Òun ò mọ̀."

Ohun tó ń dùn mí títí di òní nìyí. Ká ní ọmọ burúkú ni mo bí, ì bá já ààlè náà dànù, ì bá ti ilẹ̀kùn wọlé, ì bá na ẹ̀yìn sórí òwú, à bá sì bá a níbẹ̀ tó ń hanrun. Ṣùgbọ́n a ti kọ́ ọ. Èmi àti bàbá rẹ̀ la kọ́ ọ pé ẹni tó bá so ààlè ti sọ̀rọ̀ tán, kí èèyàn yà. Ó yà.

Mo da agbọ̀n iṣu mi sílẹ̀, mo sì fi agbọ̀n náà bo ojú ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣí i. Bàbá rẹ àgbà á rọra fo ibẹ̀ kọjá bí ẹni tó ń fo ọmọ tó ń sùn. Nígbà tó bá yá mo máa ń ṣí i wò. Ọyẹ́ ló wá mú un lọ, díẹ̀díẹ̀, ó ń gba ojú ihò agbọ̀n wọlé. Lọ́jọ́ tí mo ṣí i gbẹ̀yìn, ilẹ̀ lásán ni mo bá.

Láti ọdún náà bàbá rẹ àgbà ò so ààlè mọ́, kò sì ti ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́. Wọ́n kó ẹ̀wà wa níbẹ̀, wọ́n kó òwú. Àwọn èèyàn ní ó ti ń ṣarán. Ó ní kí wọ́n máa kó o. Awakọ̀ kan ní òun rí ọmọ náà tó ń ta aṣọ ní Àbíjàn, ẹlòmíràn ní ó ti kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn sì ni bàbá rẹ àgbà bá mi sọ gbẹ̀yìn, pé kí n má tì í.

Ìwọ náà gbọ́ nígbà tí bàbá rẹ tún pè.

"Màámi, wọ́n ní ẹ ò jẹ́ kí wọ́n kan pátákó. Olè ni wọ́n kọ ọ́ fún, kì í ṣe ẹlòmíràn."

Mo ní, "Ààlè tí bàbá yín so náà, olè ló so ó fún."

Mo wá bi í bóyá kámẹ́rà náà lè sọ̀rọ̀.

"Ó lè sọ̀rọ̀. Bí èèyàn bá dúró níwájú rẹ̀, fóònù mi á dún, mo sì lè bá ẹni náà sọ̀rọ̀ láti ibí."

"Bí bàbá arúgbó kan bá dúró síbẹ̀ ńkọ́?"

"Màámi, n ò mọ ojú wọn."

"Èmi náà lè má mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹsẹ̀ òsì ni kí o wò. Kí o tètè sọ fún un pé ilẹ̀kùn ò tì."

Ìyẹn ni wọ́n ṣe tú ti ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n gbé e wá sí ẹ̀gbẹ́, tí wọ́n dojú rẹ̀ kọlẹ̀. Ọmọkùnrin olóòlù ń kùn, ó ní kámẹ́rà tó ń wo ilẹ̀ ò lè rí ojú olè. Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àràárọ̀ ni mò ń gbá iwájú ilẹ̀kùn náà. Nígbà mìíràn bàbá rẹ á pè mí níbi tí mo bẹ̀rẹ̀ sí, á ní òun ń wò mí. Á ní, "Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, Màámi." Mo máa ń ní mo mọ̀, kó ṣáà máa wò ó.