Gílóòbù Yàrá Bàbá

Bàbá ọkọ mi kì í fi ẹnu kan másà kó tó béèrè pé, "Màmá ńkọ́, ṣé ó ti jẹ?" Ojú Bàbá ti fọ́ pátápátá.

Nígbà tí a fẹ́ ra bátìrì sólà sílé wa ní Sabon Gari, oníṣẹ́ iná ń ka gílóòbù àti fáànù, kó lè mọ iye bátìrì tí yóò gbé wa di òwúrọ̀. Ó fo yàrá Bàbá.

Bàbá ní, "Ọmọ mi, o ò ka tèmi."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mo rò pé ẹ ò nílò iná ni."

"Màmá ló nílò rẹ̀. Tílẹ̀ bá ti ṣú, pálọ̀ ló máa ń lọ jókòó sí, nítorí iná. Bí bátìrì ò bá ní tó, yọ fáànù mi."

Nínú ooru Kánò yìí! Oníṣẹ́ iná náà ní gílóòbù kan kò lè da bátìrì láàmú, ó sì kà á mọ́ ọn.

Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n parí iṣẹ́, Màmá gbé àtẹ ẹ̀wà wọ yàrá, ó jókòó ti Bàbá, ó ń ṣà á. Bàbá na ọwọ́ sínú àtẹ náà, wọ́n sì jọ ń ṣà á.