Ẹja Tó Ń Fò

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó jagun ojú omi tí kò fojú kan omi, ẹ má wá a jìnnà. Baba Oníẹ́ńjìnnì ni, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ tó ń fa omi ṣe létí èbúté. Irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀ tí wọ́n fi gbà á sínú ọkọ̀ ogun, tí wọ́n jù ú sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kó máa kó èédú síná ẹ́ńjìnnì. Oòrùn kì í débẹ̀. Bí ìjà bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ti ilẹ̀kùn irin mọ́ wọn lórí, ó di ọwọ́ Ọlọ́run.

Ẹnì kan ṣoṣo ló fi òkun hàn án. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wọṣẹ́, tí gbogbo ọkọ̀ ń pè ní Ẹlẹ́nu nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Òkè ni Ẹlẹ́nu ti ń ṣọ́nà. Páìpù kan wà tí ọ̀gá fi ń pàṣẹ sísàlẹ̀. Bí ọ̀gá bá ti kẹ̀yìn, Ẹlẹ́nu á kẹ́nu bọ̀ ọ́, á máa ròyìn àwọ̀ omi, ìkùukùu, àti ọkọ̀ ọ̀tá tó ń yọ́ sá lọ. Lọ́jọ́ kan, ó ní òun rí ẹja tó ń fò bí ẹyẹ. Àwọn ará ìsàlẹ̀ rẹ́rìn-ín títí; wọ́n ní irọ́ yìí ti pọ̀ jù. Baba náà pariwo sínú páìpù pé òpùrọ́ ni Ẹlẹ́nu.

Ẹlẹ́nu ní, "Ìròyìn ò tó àfojúbà. Tógun bá parí, màá mú ẹ wá sókè, wàá fojú ara ẹ rí i."

Kò pẹ́ sígbà náà ni bọ́ǹbù bọ́ sórí ọkọ̀. Ọkọ̀ mì, iná kú. Baba fi etí lé páìpù, ó pe Ẹlẹ́nu títí. Afẹ́fẹ́ nìkan ló ń dún níbẹ̀.

Ogun parí. Ó fẹ́yàwó, ó bímọ, orí rẹ̀ funfun, síbẹ̀ àárò ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sọ ọ́. Nírọ̀lẹ́, á lọ jókòó sétí omi, á máa wò ó. Ìyàwó rẹ̀ a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé bóyá ó ní ìyàwó mìíràn nínú omi. Baba á tún tẹjú mọ́ omi. Ẹja tó ń fò kì í wá sétí èbúté.

Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ obìnrin ló wá ní kó bá òun wọkọ̀ ojú omi lọ kí ẹ̀gbọ́n òun kú ewu ọmọ ní òdìkejì òkun. Nígbà tí wọ́n dé agbami, Baba di irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, kò kúrò níbẹ̀. Lójijì, ọ̀wọ́ ẹja kan yọ lójú omi, wọ́n na apá, wọ́n sì fò kọjá níwájú rẹ̀. Baba bú sẹ́kún. Kò mọ ìgbà tó kẹ́nu bọ páìpù kan tí atẹ́gùn ń gbà lọ sísàlẹ̀ ọkọ̀.

"Ẹlẹ́nu, o ò purọ́. Mo ti rí wọn."

Ohùn òṣìṣẹ́ kan gba páìpù náà gòkè wá láti ìdí ẹ́ńjìnnì.

"Kí lẹ rí níbẹ̀ yẹn, Baba?"

Baba nu ojú. Ó jókòó ti páìpù náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn, láti orí àwọ̀ omi.