Ọjọ́ Tí A Gba Àṣá Idẹ Gbọ́

Ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ní Damásíkù ni mo ti ń ta omi àjàrà, ibẹ̀ náà ni Mufarrij ti ń tọ́jú aago omi. Bí wákàtí bá pé, àṣá idẹ á tẹrí ba, á pọ ọta idẹ sínú àwo, á dún gbàn-ǹ. Àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́, wọ́n á bá tiwọn lọ. Kò sẹ́ni tó ń bi í pé wákàtí wo ló lù. Eré ọmọdé ni wọ́n ka iṣẹ́ rẹ̀ sí, ó sì ń dùn ún wọ eegun.

Oòrùn ni Hibatullah, ládáàní wa tí a tún ń pè ní Bàbá Yahaya, ń wò kó tó pe ìrun.

“Bàbá Yahaya, ẹ bá mi wo aago yìí náà.”

“Ṣé ẹyẹ tí kì í jẹun ló máa sọ ìgbà tí n ó ṣínu fún mi? Mufarrij, máa bu omi ẹ.”

Mufarrij á wọlé, á máa kùn. Ìkùnsínú rẹ̀ ti sú wa.

Wákàtí tiwa kì í gùn bákan náà. Ọ̀nà méjìlá la ń pín ọ̀sán sí, ì báà gùn, ì báà kúrú. Ìdí nìyẹn tí Mufarrij fi ń yí ìdérí kan láràárọ̀, kí omi lè yára tàbí kó rọra máa ṣàn.

Lọ́dún kan, ààwẹ̀ bọ́ sígbà ìkórè ólífì. Ìkùukùu bo ojú ọ̀run látàárọ̀. Hibatullah wò títí, kò rí oòrùn, ló bá sọ̀ kalẹ̀ látorí ilé gogoro mọ́ṣáláṣí.

“Mufarrij, kí ni aago ẹ wí?”

Omi lé sójú ọkùnrin náà. Gbogbo wa dúró, dàbínù lọ́wọ́. Gbàn-ǹ! Hibatullah pe ìrun, a jẹ, a mu. Ibẹ̀ la wà tí ìkùukùu fi là. Oòrùn rèé lókè òrùlé, kò tíì ronú àtiwọ̀.

“Ibo lo yí ìdérí yẹn sí?” Hibatullah bi í.

“Ibi tí mo yí i sí lọ́dún tó kọjá, lọ́jọ́ ààwẹ̀ yìí kan náà…”

Ó káwọ́ lérí. Òṣùpá ló ń gbé ààwẹ̀ wá, ọdọọdún ló sì ń tètè dé ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Oòrùn ni ìdérí ń tẹ̀ lé. Lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ ààwẹ̀ yìí bọ́ sígbà tí ọ̀sán ti kúrú ju báyìí lọ, ìdí nìyẹn tí omi fi yára jù. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ọ̀rọ̀ yìí dá wa lágara tẹ́lẹ̀. Ebi ló dà á lọ́kàn rú. Gbogbo àdúgbò ló máa san ààwẹ̀ ọjọ́ yẹn padà.

Lọ́jọ́ kejì, ó yí ìdérí náà síbi tó yẹ. Oòrùn wọ̀, ọta sì bọ́ lákòókò gẹ́lẹ́. Kò sẹ́ni tó fi dàbínù kan ẹnu. Gbogbo wa kọjú sí òkè, à ń retí Hibatullah.