Òrí Lára Ìbọ̀wọ́ Àwọn Ará Japan

Òórùn awọ ló kọ́kọ́ bá mi, kí ojú mi tó rí nǹkan kan. Ní yáàdì kan ní Sharjah ni, níbi tí wọ́n ti ń tú kọ̀nténà ẹrù àlòkù tó ń wá láti Japan. Iṣẹ́ ló gbé mi débẹ̀: olóòtú mi ní kí n kọ ìròyìn nípa àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń ra kẹ̀kẹ́ àti àga níbẹ̀ ránṣẹ́ sí Èkó. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pariwo "yalla, yalla" pé kí wọ́n yára, páálí kan já bọ́, ó ya, ìbọ̀wọ́ béésìbọ́ọ̀lù, awọ ńlá tí wọ́n fi ń há bọ́ọ̀lù, bí ogún sì dà sílẹ̀ síwájú mi. Mo mú ọ̀kan, mo gbé e sí imú. Ọmọkùnrin tó ń tà á sáré wá.

"Madam, kò rùn o! Japan ló ti wá, Japan!"

Kò mọ̀ pé kì í ṣe pé ó rùn. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí mo ti gbọ́ òórùn yẹn kẹ́yìn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wá bá Dubai pẹ̀lú métrò àti ilé tó kan ojú ọ̀run, ẹ jẹ́ kí n sọ Al Qusais ìgbà tiwa fún yín. Iyanrìn ló wà láàárín ilé kan sí èkejì, ológbò sì pọ̀ ju èèyàn lọ nídìí àwọn ike ìdọ̀tí. Kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé kan la fi pín yàrá wa sí méjì. Dádì, Mọ́mì àti èmi wà lápá fèrèsé. Sista Bọ́sẹ̀, tó ń ra ọjà ní Deira ránṣẹ́ sí Èkó, wà lápá ẹnu ọ̀nà. Bí Sista Bọ́sẹ̀ bá sín, Dádì á ní "ẹ pẹ̀lẹ́ o" láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Bí Dádì bá ń hanrun, Sista Bọ́sẹ̀ á fi bàtà gbá ògiri. Dádì ń wa ọkọ̀ agbẹ́rù ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Mọ́mì ń dirun fún ìyàwó àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣiṣẹ́ báńkì àti ọsibítù ní Mirdif. Èmi ń lọ síléèwé àwọn ará Íńdíà, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń ka ẹgbẹ̀rún ní Hindi kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń ka ọgọ́rùn-ún ní Yorùbá, ohun tó máa ń pa Dádì lẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú ẹ̀.

Bí ìbọ̀wọ́ ṣe wọ ilé wa nìyí. Àgbàlagbà ará Pakistan kan ní ṣọ́ọ̀bù ẹrù àlòkù ní Sharjah. Chacha ni gbogbo ayé ń pè é, ìyẹn àbúrò bàbá lédè wọn. Ó ń ta nǹkan eré ìdárayá tó bá wá láti Amẹ́ríkà àti Japan, àwọn ìdílé òyìnbó àti ti Japan tó ń gbé Mirdif ló sì ń rà á fún àwọn ọmọ wọn. Lọ́jọ́ kan Mọ́mì lọ ná àpótí ẹrù lọ́dọ̀ ẹ̀, Sista Bọ́sẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Mo wá Sista Bọ́sẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Deira lọ́jọ́ kejì ọjọ́ tí mo lọ sí yáàdì yẹn, kí n lè gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó wà níbẹ̀.

"Ojú mi ló ṣe," ó ní. "Chacha ń fi ìka ńlá ẹ̀ ki okùn awọ bọ ihò ìbọ̀wọ́ kan, kò wọlé, ó ń ṣépè lédè wọn. Ìyá ẹ ní, 'Chacha, give me.' Ó jókòó sórí táyà. Kí n tó mu tíì mi tán, ó ti parí ẹ̀. Bí ẹni ń di ṣùkú ni! Chacha wo ìbọ̀wọ́, ó wo ìyá ẹ, ó tún wo ìbọ̀wọ́. Ó ní, 'Sister, hand like machine.'" Ó rẹ́rìn-ín. "Kọ ọ́ sílẹ̀ o, ìwọ oníròyìn. Má lọ kọ ọ́ pé èmi ni mo ń ṣépè."

Láti ọjọ́ náà ni Chacha ti ń kó ìbọ̀wọ́ tí okùn ẹ̀ ti já ránṣẹ́ sí wa. Ti Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù. Wọ́n fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, ìka wọn gùn, awọ wọn ò fura sí ẹnikẹ́ni. Tí Mọ́mì bá ti fi okùn tuntun dè wọ́n tán, á gbé kóló òrí tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Ṣakí wá, á fi pa wọ́n lára, á sì kó wọn sí oòrùn lórí òrùlé. Wọ́n á mu òrí náà bí gìgísẹ̀ tó ti là nígbà ọyẹ́ ṣe ń mu ún. "Awọ ni awọ," Mọ́mì máa ń wí. "Ohun tó rọ tèèyàn á rọ ti màlúù." Ọ̀gbẹ́ni Amẹ́ríkà kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ leré sọ fún Chacha pé òun ò rí irú ẹ̀ rí, pé ìbọ̀wọ́ àlòkù wá rọ̀ ju tuntun lọ. Gbogbo fúláàtì wa ń rùn òrí. Sista Bọ́sẹ̀ ní òun ti di ìbọ̀wọ́, kí wọ́n kúkú fi òrí pa òun náà lára.

Lẹ́yìn náà ni ilé ìkẹ́rùsí tí Dádì ń bá ṣiṣẹ́ kógbá sílé. Wọ́n fagi lé visa rẹ̀. Abẹ́ visa yẹn ni Mọ́mì àti èmi wà. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n fún wa láti rí iṣẹ́ mìíràn tàbí ká lọ.

Sista Bọ́sẹ̀ ò fi bàtà gbá ògiri mọ́. Dádì ò hanrun mọ́ ni, torí kò sùn. Láràárọ̀ á wọ ṣáàtì tí wọ́n lọ̀, á kó ìwé rẹ̀ sínú ọ̀rá, á máa kan ilẹ̀kùn ilé ìkẹ́rùsí kọ̀ọ̀kan ní Al Qusais. Á dé lọ́sàn-án, á bọ́ ṣáàtì náà, á gbé e kọ́ kó má rún. Kò sí ẹni tó ń bi í pé báwo ni. Bí ṣáàtì yẹn ṣe rí la fi ń mọ̀.

Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù nígbà tí Chacha wá fúnra rẹ̀. Ó gbé àpò kan wá: ìbọ̀wọ́ méjìlá, ti ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Japan. Ó ní ọkùnrin tó ń darí wọn le lójú, àmọ́ tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, gbogbo àtúnṣe wọn á máa wá. "Tí èyí bá dáa," ó sọ fún Mọ́mì, "màá gbé visa ọkọ ẹ sábẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Á máa wakọ̀ ẹrù, ìwọ á máa ṣe ìbọ̀wọ́." Ọjọ́ Àìkú nìyẹn. Ọjọ́bọ̀ ló fẹ́ gbà á.

Ìbọ̀wọ́ Amẹ́ríkà dà bí àlejò tó wọlé tó bọ́ bàtà, tó ní kí lẹ sè. Ti Japan dà bí ẹni tó ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń wò ó bóyá kóun wọlé. Wọ́n kéré, wọ́n wúwo, wọ́n le bí pákó. Rírán wọn há débi pé ìka ọmọdé ò lè tọ ipa abẹ́rẹ́. Ihò okùn wọn tín-ín-rín. Nínú ọrùn ọwọ́ ìbọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi yíǹkì dúdú kọ orúkọ ọmọ tó ni ín. Títí di ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, méjì péré ni Mọ́mì rí dè, ìka rẹ̀ sì ti bẹ́.

Ó gbé kóló òrí.

Èmi mọ̀ pé kò yẹ. Ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà náà nìyẹn. Nígbà tí Mọ́mì bá ń dirun ní Mirdif, ó máa ń ní kí n má kọjá géètì. Mo máa ń kọjá. Pápá kan wà lẹ́yìn àwọn ilé náà, ibẹ̀ ni mo ti mọ Yuki, ọmọ Japan kan tí eyín iwájú rẹ̀ méjì ti ká. Òyìnbó rẹ̀ kò dáa ju tèmi lọ, ìyẹn la fi gbọ́ ara wa yé. Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé ìyá mi lè fi nǹkan pa ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kó rọ̀. Ó gbà á mọ́ àyà. "No! No oil! My hand make soft." Ó na ìka kan sókè: ọdún kan. Ó fi àkísà gbígbẹ kan hàn mí, ó fi nu ìbọ̀wọ́ náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni ń nu imú ọmọ.

Mo dúró lórí òrùlé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, mo ń wo Mọ́mì tó ń pa òrí mọ́ ìbọ̀wọ́ mẹ́wàá lára kí okùn lè ráyè wọlé. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi. Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á mọ̀ pé mo máa ń kọjá géètì. Àti pé ta ni mo jẹ́ tí màá máa kọ́ ìyá mi níṣẹ́? Mo ń bá a to ìbọ̀wọ́ sínú oòrùn.

Ní Ọjọ́bọ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la lọ sí Sharjah. Dádì fi táì sọ́rùn. Àwọn ìbọ̀wọ́ náà ti dúdú ní ojú kan, wọ́n pupa ní ojú kejì, wọ́n rọ̀ jọwọlọ bí ewé tó kan iná. Ọkùnrin ará Japan náà mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ṣí ọrùn ọwọ́ wọn, ó ń ka orúkọ tó wà níbẹ̀. Òrí ti jẹ àwọn kan. Kò jágbe. Ó kó wọn padà sínú àpò, ó tẹríba fún Mọ́mì, ó sì lọ. Ká ní ó jágbe ni, bóyá ẹnì kan ì bá sọ̀rọ̀.

Chacha ò wo ojú wa. "Khalas," ó ní. Ó parí nìyẹn.

Mọ́mì àti èmi wọ bàálù lọ sí Èkó lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n. Dádì ò tẹ̀ lé wa. Ó ní òun á rí nǹkan ṣe. Ọdún mẹ́rin ló fi gbé Muhaisnah láìní visa, nínú yàrá èèyàn mẹ́wàá, tó ń fi ojú pamọ́ fún ọlọ́pàá, títí ìjọba fi ṣílẹ̀kùn fún irú wọn láti máa lọ sílé láìsan owó ìtanràn. Ọkùnrin kan dé ẹnu ọ̀nà wa ní Agége, irun rẹ̀ funfun, mo kúnlẹ̀ kí i bí wọ́n ṣe ń kí àlejò. Ó ní, "Èmi ni." Ó ti kú báyìí. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ Yuki fún un rí.

Iṣẹ́ ìròyìn ló dá mi padà sí Dubai. Mo dúró sínú yáàdì Sharjah yẹn, ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, mo pe Mọ́mì. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un: géètì, pápá, Yuki, ohun tó wí.

"Mo mọ̀," ó ní. "Chacha ti kìlọ̀ fún mi. Ó ní n kò gbọdọ̀ fi òróró kan ti Japan. Mẹ́wàá ló kù, ọjọ́ méjì. Tí n bá gbọ́ tiẹ̀, n ò ní parí. Mo ní kí n dán an wò."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wa?"

"Kí n sọ fún ta? Bàbá ẹ? Ọkùnrin tó lo ọdún mẹ́rin nínú ìlú yẹn, kí n máa wí fún un pé wọ́n kìlọ̀ fún mi?"

Mo ń sunkún. Mo ní ká ní mo ti sọ ọ́ ni.

"Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ẹ́," ó ní. "Èmi ni àgbà ibẹ̀. Má bá mi dù ú."

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo fẹ́ dìde lọ́dọ̀ Sista Bọ́sẹ̀, mo sọ ohun tí Mọ́mì wí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ọkùnrin Japan yẹn padà wá," ó ní. "Ẹ ti lọ. Mo lọ ra àga lọ́dọ̀ Chacha, mo bá a níbẹ̀. Ó ń béèrè obìnrin tó di ìbọ̀wọ́. Ó ní méjì tí kò ní òróró nínú méjìlá yẹn, òun ò rí ọwọ́ tó mọ okùn báyẹn rí. Ó ní kí ló dé tí kò sọ pé ọjọ́ ò tó. Ọjọ́bọ̀ tí ẹ lọ yẹn, ìdíje wọn ṣì ku ọ̀sẹ̀ méjì, àbúrò mi. Chacha ló kàn fẹ́ gbà á kíá."

"Ẹ ò sọ fún Mọ́mì?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?"

Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà níbí. Rélùwéè ń kọjá níwájú ibi tí a ti gbé, ọjọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sì ti pọ̀ ju ti ìgbà yẹn lọ. Mo ti bá àwọn ìdílé tó wà nínú ọjọ́ wọ̀nyẹn sọ̀rọ̀ nítorí iṣẹ́ mi, ní Al Qusais, ní Muhaisnah. Mo máa ń mọ ilé wọn kí n tó kan ilẹ̀kùn. Wọ́n dákẹ́. Ọkọ mọ ohun kan, ìyàwó mọ ohun kan, ọmọ mọ ohun kan, olúkúlùkù ń gbé tirẹ̀ kiri kó má bàa bọ́ lu èkejì. Bí ẹ bá wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ kéré jù níbẹ̀, ẹ sọ ọ́. Kí wọ́n bá yín wí, ẹ ṣáà sọ ọ́.

Mọ́mì pè mí láàárọ̀ yìí. Ó béèrè ohun tí Sista Bọ́sẹ̀ wí. Mo ní, "Ó ní kí n kí yín."