Okùn Tí Hẹlikọ́pítà Fà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, hẹlikọ́pítà kan fò kọjá lórí ilé mi ní Otokiti, ní Lọ́kọ́ja, mo bá di òpó ilẹ̀kùn mú. Àwọn ọmọ-ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí. Ẹ máa rín in o. Ẹ̀rù yẹn ti dàgbà ju bàbá yín lọ.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, àwọn kan wá wọn odò wa. Hẹlikọ́pítà wọn á dúró lókè, á fi okùn sọ irin ńlá kan kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ omi, irin tí ń ka bí odò ṣe ń sáré. Gálọ́ọ̀nù pupa tí wọ́n so mọ́ ọn á máa léfòó lójú omi, títí wọn á fi padà wá fà á yọ.

Láàárín àwọn apẹja etí odò ní Kpata, ẹni tó bá rí okùn tó dúró gbọn-in nínú odò lè so àwọ̀n mọ́ ọn, kó ṣáà ti fi ìpín ẹja sílẹ̀ fún olókùn. Sùlè ni ọ̀rẹ́ mi; bàbá rẹ̀ so àwọ̀n kan ṣoṣo tó ní mọ́ okùn irin náà. Ó sì ń yan ẹja tó jẹ́ ìpín àwọn onírin, ó ń kó o pamọ́ sínú agbọ̀n.

Lọ́jọ́ tí wọ́n padà dé, ibà ti dá bàbá Sùlè dùbúlẹ̀. Sùlè sáré wá bá mi, nítorí èmi ni mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀gá wọn kan dúró létí odò, Sùlè ní:

"Bá mi sọ fún un pé àwọ̀n wà níbẹ̀! Kó jẹ́ ká tú u ná!"

Bí a ṣe ń sáré lọ, mo ń fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kọ́ ẹnu: "Sà, nẹ́ẹ̀tì de insáìdì wọ́tà."

A dé bèbè, hẹlikọ́pítà rọra sọ̀ wálẹ̀, iyanrìn dìde, ariwo wọ egungun mi. Èmi akọ̀wé? Abẹ́ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tí wọ́n dojú rẹ̀ dé ni mo sá wọ̀ bí aláǹgbá. Níbẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ Sùlè tó ń ké ní Haúsá, "Ku tsaya!", pé kí wọ́n dúró. Ọ̀gá náà ń juwọ́ sí i tẹ̀ríntẹ̀rín, ó rò pé Sùlè ń kí òun ni.

Irin gòkè, àwọ̀n tẹ̀lé e, ó fàya, odò gba ìyókù.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá Sùlè, tòun ti ibà lára, gbé agbọ̀n ẹja náà lọ fún wọn. Ìpín olókùn ni, ó ní, àwọ̀n ya, àwọ̀n ò ya. Kò bá mi wí. Àwọ̀n ò sí mọ́; kò pẹ́ tí Sùlè àti ìdílé rẹ̀ kó lọ sí òkè odò, lọ bá ẹbí wọn dáko. Ohun tí Sùlè sọ fún mi kẹ́yìn ni, "Gẹ̀ẹ́sì rẹ dà?"

Lọ́kọ́ja ti yí padà. Ilé ti gba etí odò. Àwọn apẹja tó kù ṣì ń fi ìpín olókùn sílẹ̀. Èmi náà ṣì wà bí mo ṣe wà. Nígbà tí àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọn ò gbọ́ ohun tí mo ń sọ jẹ́jẹ́ sí òpó ilẹ̀kùn: "Sà, nẹ́ẹ̀tì de insáìdì wọ́tà."