Owó Idẹ Tí Kò Ní Páàsì

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Àǹtí Ṣẹ̀rífátù, kò jí abẹ́rẹ́ rí. Mo mọ̀ nítorí pé ó ti sọ ọ́ fún mi ní ìgbà tí n kò lè kà mọ́. Ilé rẹ̀ ní Ìkòròdú ni mò ń gbé láìsan kọ́bọ̀, nítorí náà etí méjèèjì ni mo fi ń gbọ́ ọ. Ọdún méjìlélógún ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Industrial Estate, níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìdérí ìgò. Lójoojúmọ́, bí iṣẹ́ bá ti parí, aṣọ́nà á tú àpò gbogbo òṣìṣẹ́ lẹ́nu géètì kí wọ́n tó wọ bọ́ọ̀sì. Ohunkóhun tó bá fẹ́ jáde gbọ́dọ̀ ní páàsì, ìyẹn ìwé pélébé tí mánéjà bu ọwọ́ lù. Ẹni tí wọ́n bá ká ẹrù tí kò ní páàsì mọ́ lọ́wọ́, olè ni, ọ̀rọ̀ ti parí. Wọ́n ká ọṣẹ mọ́ àwọn kan lọ́wọ́, wọ́n ká wáyà mọ́ àwọn kan. Àǹtí mi, rárá o. Bí ẹ bá bá a jẹun, ẹ óò gbọ́ ọ. Bí ẹ bá kí i kú ọdún, ẹ óò gbọ́ ọ.

Ní ọdún tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ àrà kan wọlé fún wọn. Ìjọba fẹ́ yọ owó idẹ tuntun, wọ́n sì ní kí wọ́n tẹ ọgọ́rùn-ún wá kí àwọn kọ́kọ́ wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé ní orílẹ̀-èdè yìí, bí ẹ bá na kọ́bọ̀ sí oníbúrẹ́dì, ó máa bi yín bóyá ara yín yá. Àwọn àgbààgbà ìjọba wò ó, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò níwá lẹ́yìn, wọ́n ní àwọn kò ṣe mọ́, kí wọ́n yọ́ gbogbo rẹ̀. Àǹtí mi ló wà nídìí ẹ̀rọ tó tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ tó lò kẹ́yìn níbi iṣẹ́, mánéjà fi àpò-ìwé kan lé e lọ́wọ́, ó ní kó fi ṣe ìrántí. Owó idẹ kan ló wà nínú rẹ̀. Ọdún méjìlélógún, owó idẹ kan: ọ̀làwọ́ ni ọkùnrin náà.

Àǹtí mi gbé e sínú agolo tó ń kó bọ́tìnnì sí. Bí àlejò bá dé, á gbé e jáde, á ní, "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi tẹ̀ ẹ́." Àlejò á ṣe háà, á sì máa mu omi rẹ̀ lọ.

Èmi ni mo ba nǹkan jẹ́. Mo ya àwòrán owó náà, mo gbé e sórí Fesibúùkù, n kò sì ní purọ́ fún yín pé ìfẹ́ ìtàn ló gbé mi dé ibẹ̀. Kò pé ọjọ́ méjì tí ọkùnrin kan tó ń kó owó àtijọ́ jọ fi kọ̀wé láti Àbújá pé òun á san mílíọ̀nù mẹ́ta. Mo ti yan àwọ̀ ọkọ̀ tí mo fẹ́ rà tán kí n tó sáré wọ pálọ̀ lọ kà á fún àǹtí mi. Ojú mi bọ́ sí ohun tí ẹlòmíràn kọ sábẹ́ rẹ̀, ẹnu mi tí kò mọ ibi tó yẹ kó dúró sì kà á pọ̀ mọ́ ọn: "Owó tí ìjọba kò yọ síta, ẹrù ìjọba ni. Olè ni ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀."

Àǹtí mi kò gbọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta rárá.

"Tún ìkejì yẹn kà," ó ní.

Mo tún un kà. Ó dé agolo rẹ̀ pa, kò sì fọwọ́ kan oúnjẹ ọ̀sán.

Ó ránṣẹ́ pe Lọ́yà Morádéyọ̀, ọmọbìnrin tó gba yàrá iwájú ilé náà. Lọ́yà wo owó náà dáadáa, ó sì ṣe ohun tí àwọn lọ́yà máa ń ṣe, kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

"Màmá, pé kò jáde sọ́jà nìkan kọ́ ni wàhálà. Báwo ló ṣe kúrò níbi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́? Tó bá jẹ́ ẹni tó láṣẹ ló fún yín, tiyín ni. Tí kò bá láṣẹ, ẹrù onílé ṣì ni, ì báà ti lo ọdún méjìlá nínú agolo yín. Ṣé ìwé kankan wà?"

"Irú ìwé wo?"

"Èyíkéyìí. Bíi páàsì."

Àǹtí mi kàn mi orí pé kò sí. Mo ti ń gbé ilé yẹn fún ọdún mẹ́fà, n kò rí irú rẹ̀ rí.

"Àǹtí, ta ló máa bi yín?" ni mo wí. "Ẹ jẹ́ ká tà á jàre."

"Mo ti bi ara mi," ó dá mi lóhùn.

Ọ́fíìsì ìjọba kan la kọ́kọ́ lọ, kí àǹtí mi lè dá a padà fún olówó rẹ̀. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ wo inú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní owó náà kò sí nínú ìwé àwọn, àwọn kò sì lè gba ohun tí kò sí. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní ṣùgbọ́n màmá lè fi í sílẹ̀ sọ́dọ̀ òun. Àánú wa ṣe é, ẹ wò ó. Àǹtí mi di àpò rẹ̀ mú, a sì jáde. Mánéjà tí ì bá jẹ́rìí, wọ́n ti sin ín sí Ẹ̀pẹ́ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Kò ku ibòmíràn mọ́ àfi ẹnu géètì.

Ilé-iṣẹ́ náà ti di ibi tí wọ́n ń kó tòmátò alágolo sí. Ó ti yí ọwọ́ padà lẹ́ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n Fáṣínà, aṣọ́nà ayé àtijọ́, ṣì wà níbẹ̀. Ó jọ pé wọ́n ń ta òun àti ògiri pọ̀ ni. Orí àwọn ìwé ńlá tó ń kọ orúkọ òṣìṣẹ́ sí láyé ọjọ́un ló jókòó lé, nítorí àga rẹ̀ kò ga tó.

"Ọ̀gbẹ́ni Fáṣínà, ẹ bá mi wo ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì."

Ó dìde, ó fa ìwé kan yọ, ó fi itọ́ tọ́ ìka, ó ṣí i títí, ó wá kà á sókè: "Ṣẹ̀rífátù. Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. A kò tú àpò. Àṣẹ mánéjà."

Inú rẹ̀ dùn bó ṣe ń kà á. "Màmá, a fi bọlá fún yín ni. Mánéjà ní kí n jẹ́ kí ẹ lọ pẹ̀lú iyì."

Àǹtí mi jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. "Ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọn kò tú àpò mi," ó ní. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àfi ìgbà tí mo rí i tó gbá àpò rẹ̀ mọ́ra bí ẹni tí wọ́n ká ẹrù mọ́ lọ́wọ́. Ojú tì mí, ó sì dùn mí gan-an.

Ó dìde, ó yọ owó náà. "Ẹ gbà á. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo dá a padà."

"Àǹtí!" mo pariwo. Kò sí ẹni tó wojú mi. Fáṣínà gbé garawa kékeré kan jáde, níbi tó ń kó ẹrù tí àwọn èèyàn bá gbàgbé sí: àgádágodo tí kò ní kọ́kọ́rọ́, sálúbàtà ẹsẹ̀ kan, awò ojú tó ti fọ́. Ó ju mílíọ̀nù mẹ́ta mi sí àárín wọn, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Mo rò pé ó parí. Ṣùgbọ́n àǹtí mi lọ dúró níwájú rẹ̀, ó ṣí àpò rẹ̀, ó sì na apá méjèèjì bíi ti ayé ọjọ́un.

"Màmá, kò pọn dandan o."

"Ṣé mò ń jáde ni, àbí n kò jáde?"

Fáṣínà tú àpò náà bó ṣe yẹ kí wọ́n tú u: kọ́kọ́rọ́, áńkáṣífù, tẹ̀súbáà, orógbó méjì. Ó kọ ọ́. Àǹtí mi ní kó kà á fún òun.

"A tú àpò. A kò rí nǹkan kan."

Ó rìn jáde. Ó jẹun lọ́jọ́ náà, ó tún bu sí i, kí oúnjẹ sì tó tán, mo ti gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì pé wọn kò ká nǹkan kan mọ́ òun lọ́wọ́ rí.

Lọ́jọ́ Ajé, èmi nìkan padà lọ bá Fáṣínà. Mo gbé búrẹ́dì àti ìgò mọ́ọ̀tì méjì dání. Ó jẹ búrẹ́dì, ó mu mọ́ọ̀tì. Mo ṣàlàyé pé ohun ìdílé wa ni owó náà, pé arúgbó kàn bínú ni. Ó ń mi orí sí gbogbo ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ó na ọwọ́.

"Páàsì ńkọ́?"

"Bàbá, ta ló fẹ́ bu ọwọ́ lù ú? Mánéjà ti kú, ilé-iṣẹ́ ti tú ká, ìjọba ní owó yẹn kò sí!"

"Ó dáa," ó ní. "Kò lè jáde nìyẹn." Ó wá ní kí n mú àpò mi wá.

Ẹ̀wà ni àǹtí mi ń ṣà nígbà tí mo wọlé. N kò mọ ẹni tó ti sọ fún un.

"Ó tú àpò rẹ?"

"Ó tú u."

"Ó rí nǹkan?"

"Kò rí nǹkan kan."

Ó sún fún mi lórí àga. "Ó dùn mọ́ èèyàn, àbí kò dùn?"

Mo jókòó tì í. Mo bá a ṣa ẹ̀wà, mílíọ̀nù mẹ́ta ni mo sì ń rò.